Ẹni Tó Rán Ni Níṣẹ́: Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn àti Nọ́ọ̀sì Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ ìlú, orúkọ àwọn dókítà ni ìtàn sábà máa ń pa mọ́. Ní Nàìjíríà, bóyá ni ọmọ ilé-ìwé kan wà tí kò tíì gbọ́ nípa Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí kò jẹ́ kí aláìsàn Ẹ̀bólà àkọ́kọ́ jáde kúrò ní ilé-ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 2014, tí òun fúnra rẹ̀ sì bá àrùn náà lọ. Ó yẹ kí a máa rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan tún wà nínú wọ́ọ̀dù tí ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ. Wọn kò tíì di dókítà, wọn kò tíì di nọ́ọ̀sì, wọn kì í sì í ṣe aláìsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Iṣẹ́ ni wọ́n wá kọ́ kí àrùn tó ká wọn mọ́ ibẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi yan ọ̀rọ̀ yìí. Kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo wà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo sì fẹ́ lọ kọ́. Ìbéèrè kan ló ń jẹ mí lọ́kàn: bí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, tí wọ́n sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ran àwọn àgbà lọ́wọ́, kí ni ẹni tó ránṣẹ́ pè é jẹ ẹ́ ní gbèsè? Àwọn kan á ní kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìwòsàn ti mọ̀ pé ewu ń bẹ níbẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n lé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé títí àrùn yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí mo wo ìtàn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, mo rí i pé èrò méjèèjì kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1918. Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ń lọ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì ìlú náà sì ti bá àwọn ọmọ ogun lọ. Ní oṣù kẹsàn-án, àrùn ìnfúlúẹ́ńsà, ọ̀fìnkìn burúkú tó ń kọlu ẹ̀dọ̀fóró, bá àwọn ọmọ ogun ojú omi wọ ìlú náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù náà, àwọn aláṣẹ jẹ́ kí ogunlọ́gọ̀ èèyàn, nǹkan bí 200,000, jáde sí òpópónà láti wo ìwọ́de tí wọ́n fi ń kó owó jọ fún ogun. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àyè tán ní àwọn ilé-ìwòsàn. Kí àrùn náà tó rọlẹ̀, ó ti pa èèyàn tó ju 12,000 lọ ní ìlú kan ṣoṣo yìí.

Yunifásítì Pennsylvania ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbẹ̀. Wọ́n dá ẹ̀kọ́ dúró, wọ́n sì rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé-ìwòsàn. Isaac Starr wà lára wọn. Ọdún kẹta ló wà nígbà náà. Ní ọdún 1976, nígbà tó ti di àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n, ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà kan, Annals of Internal Medicine. Ó ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe fún àwọn lórí àrùn náà kí wọ́n tó rán àwọn lọ. Ilé-ìwòsàn tí wọ́n rán òun lọ jẹ́ èyí tí wọ́n ti ń wó lọ́wọ́, tí wọ́n sáré tún àwọn àjà òkè rẹ̀ ṣe fún àwọn aláìsàn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di aago méjìlá òru. Bó bá padà dé ní ọjọ́ kejì, díẹ̀ ló ń bá nínú àwọn aláìsàn tó fi sílẹ̀. Àwọn mìíràn ti gba bẹ́ẹ̀dì àwọn tó kú.

N kò ní dá àwọn olùkọ́ rẹ̀ lẹ́bi pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe. Àwọn fúnra wọn kò mọ ohun tó ń fa àrùn náà. Bakitéríà kan ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà ń fura sí. Ọdún 1933 ni wọ́n tó rí fáírọ́ọ̀sì ìnfúlúẹ́ńsà lára èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n mọ̀: wọ́n mọ̀ pé àrùn náà ń ràn, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ló ń pa jù. Àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le náà ni wọ́n rán lọ bá a.

Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tún yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, kò dìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé kí wọ́n tó fi wọ́n ṣiṣẹ́. Àwọn gan-an ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní àwọn ilé-ìwòsàn lójoojúmọ́, ilé tí wọ́n ń sùn, oúnjẹ àti owó táṣẹ́rẹ́ sì ni èrè wọn. Ní ọdún 1923, ìròyìn ìwádìí ńlá kan jáde lórí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní orílẹ̀-èdè náà. Josephine Goldmark ló ṣe agbátẹrù rẹ̀. Ó sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé bí ọ̀ràn ilé-ìwòsàn bá ti kọlu ọ̀ràn ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lórúkọ, alágbàṣe ní ìṣe.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ìbá sàn kí wọ́n lé wọn lọ sílé, kí ó wo Èkó ní oṣù kẹsàn-án kan náà. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé àrùn yìí dé èbúté wa, ó sì gba Èkó wọ ìgbèríko. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò rẹ̀ pé ó pa tó ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ní Nàìjíríà. Nígbà náà, a kò ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kankan. Ọdún 1948 ni Yunifásítì Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà kò kárí, akẹ́kọ̀ọ́ tí à bá fi kún wọn kò sì sí. Orí ẹní nínú ilé ni ọ̀pọ̀ aláìsàn wà, ìyá àti ìyàwó ló sì ń tọ́jú wọn. Nítorí náà, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wúlò. Ohun tó yẹ kí a wò ni bí a ṣe ń lò ó.

Ibì kan wà tí wọ́n ti gbìyànjú láti lò ó dáadáa. Ní ọdún 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ya wọ Copenhagen, olú-ìlú Denmark. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Ọdún 1955 ni ti àkọ́kọ́ jáde. Ilé-ìwòsàn Blegdam ni wọ́n ń kó àwọn aláìsàn lọ, nígbà tó sì gbóná jù, nǹkan bí 50 ni wọ́n ń gbà lójúmọ́. Nínú ara àwọn kan lára wọn, àrùn náà ti sọ iṣan tí èèyàn fi ń mí di aláìlágbára. Ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo tó ń báni mí àti kéékèèké mẹ́fà ni ilé-ìwòsàn náà ní. Nínú 31 àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tọ́jú, 27 ló kú.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ, dókítà kan tó ń jẹ́ Bjørn Ibsen, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífún èèyàn ní oògùn oorun nígbà iṣẹ́ abẹ, gbìyànjú ọ̀nà mìíràn lára ọmọbìnrin ọdún 12 kan. Wọ́n lu ihò sí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ náà, wọ́n ki páìpù bọ̀ ọ́, wọ́n sì so àpò rọ́bà mọ́ páìpù náà. Bí wọ́n bá fún àpò náà, afẹ́fẹ́ á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí wọ́n bá dẹ ọwọ́, afẹ́fẹ́ á jáde. Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n irú àpò bẹ́ẹ̀ kì í fún ara rẹ̀. Ọwọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó sì dé ìgbà kan tí àwọn tó nílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tó 70.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ké sí. Kí ó tó parí, nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti akẹ́kọ̀ọ́ ìtọ́jú eyín ló ti fi ọwọ́ fún àpò náà, àpapọ̀ wákàtí tí wọ́n sì lò tó 165,000. Aláìsàn kò lè sọ̀rọ̀ nítorí páìpù ọrùn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sí ìgbèrí rẹ̀ ní láti máa wo ojú rẹ̀, kí ó fi mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ tó o tàbí kò tó o. Nínú àwọn tí ì bá kú, ọ̀pọ̀ ló yè. Láti inú iṣẹ́ yìí ni irú wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn tí àìsàn wọn le jù ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó wà ní àwọn ilé-ìwòsàn ńlá káàkiri ayé lónìí.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ti Copenhagen yàtọ̀ sí ti Philadelphia. Iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n gbé lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Àwọn dókítà tó mọ iṣẹ́ náà wà nítòsí tí wọ́n ń bójú tó wọn. Wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn, kí ó má baà rẹ ẹnì kan jù. Wọ́n sì san owó fún wọn. N kò sọ pé ohun gbogbo pé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí kò sí, àrùn tó wà níwájú wọn sì lè ran ọ̀dọ́ bíi tiwọn. Àwọn kan wà tí aláìsàn kú mọ́ lọ́wọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí bá a mí. Owó kì í wo irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kà wọ́n kún èèyàn.

Ibi kẹta tí mo fẹ́ kí a dé ni Hong Kong, ní oṣù kẹta ọdún 2003. Ọkùnrin kan tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró wọ Ilé-ìwòsàn Prince of Wales, wọ́n sì gbà á sí wọ́ọ̀dù bí wọ́n ti ń gba àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àrùn SARS, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú sáyé, ló wà lára rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń wọ wọ́ọ̀dù náà láti kọ́ bí a ṣe ń yẹ aláìsàn wò. Nígbà tí àwọn oníwàádìí padà lọ wo ọ̀rọ̀ 66 nínú wọn, 16 ló ti kó àrùn náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé ewu akẹ́kọ̀ọ́ kì í dúró de ìkéde ìjọba. Kò sí ẹni tó pè wọ́n wá ṣèrànwọ́. Wọn kò tíì kéde àjàkálẹ̀ àrùn kankan ní ìlú náà ní ọjọ́ yẹn. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n wá kọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní bí a ṣe ń dáàbò bo ara gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan wọ wọ́ọ̀dù. Ní Toronto ní Kánádà, níbi tí SARS ti jà ní ọdún kan náà, ṣe ni wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kúrò ní ilé-ìwòsàn.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé ọdún 2020 àti àrùn Kòrónà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún náà, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ nímọ̀ràn pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe sún mọ́ aláìsàn fún ìgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn gan-an, ìjọba Ítálì gbé àṣẹ jáde pé kí àwọn tó ti gboyè ìṣègùn máa ṣiṣẹ́ dókítà láìdúró de ìdánwò ìjọba tí wọ́n máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní Ìlú Ọba, àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá ìṣègùn rí àyè gboyè ṣáájú àkókò kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí ẹ̀kọ́ wọn ku oṣù mẹ́fà náà rí àyè ṣiṣẹ́ tí wọ́n á ti gba owó, bí wọ́n bá fẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “bí wọ́n bá fẹ́”, ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ètò náà. Akẹ́kọ̀ọ́ Philadelphia gba àṣẹ. Wọ́n bi àwọn wọ̀nyí léèrè.

Nílé wa níbí, ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fìdí ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà múlẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ìparí oṣù kẹta, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ti tì pa. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì tún wọ inú ọdún yẹn, ó sì fi oṣù púpọ̀ kún ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn yóò lò kí ó tó jáde. Lílé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé dáàbò bò ó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Òun ló san án, àwọn òbí rẹ̀ sì bá a san án.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, wọ́n rán an lọ sí ilé-ìwòsàn kan láti kọ́ṣẹ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń pín ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú níbẹ̀, orúkọ òṣìṣẹ́ sì ni wọ́n fi ń pín in. Orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú ìwé. Màmá wa ló ń fún un lówó láti ra tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà lẹ́nu géètì. Ìbòmú tó yẹ kí ó lò lẹ́ẹ̀kan kí ó sọ nù ló ń fọ̀ lálẹ́, tó ń sá sórí okùn. Bàbá wa bi í pé bó bá kó àrùn níbẹ̀, ta ni yóò san owó ìtọ́jú rẹ̀. Kò mọ ẹni tí yóò bi. Àwọn nọ́ọ̀sì àgbà tó bá níbẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tí wọ́n fún wọn kò kárí àwọn fúnra wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di pé kí a gbé aláìsàn, kí a pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kí a da ìtọ̀ nù, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń wà nínú ìwé yẹn.

Ṣé àwa Yorùbá kò mọ ohun tó yẹ kí a ṣe ni? A mọ̀ ọ́n. Bí òbí bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ kí ọmọ tó fọwọ́ kan irinṣẹ́. Ọ̀gá mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ ti di tòun. Bí irin bá gé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́, ọ̀gá ló ń gbé e lọ sílé-ìwòsàn, òun náà ló sì ń lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn òbí. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí wọ́n rán ni sí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ní apá kejì: bí a bá ń bẹ̀rù ẹni tó rán ni, ó yẹ kí òun náà mọ̀ pé ọrùn òun ni ẹni tí òun rán wà.

Láti inú ìtàn tí mo sọ yìí, mo rí gbèsè mẹ́rin tí ẹni tó bá rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sójú àrùn gbọ́dọ̀ san. Èkíní ni ẹ̀kọ́: kí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ tó fẹ́ kí ó ṣe, kí àgbà sì wà nítòsí, bí wọ́n ti ṣe ní Copenhagen. Èkejì ni ààbò: kí ìbọ̀wọ́, ìbòmú àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, níbi tó bá wà, kàn án bó ṣe kan òṣìṣẹ́, torí àrùn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí kó tó wọ ara èèyàn. Hong Kong ti fi hàn wá. Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú: bó bá ṣe iṣẹ́ òṣìṣẹ́, kí ó gba owó iṣẹ́, bó bá ṣàìsàn nídìí rẹ̀, kí ó má jẹ́ òbí rẹ̀ ni yóò máa wá owó kiri. Ẹ̀kẹrin ni ìbéèrè: kí wọ́n bi í bóyá ó fẹ́, kí ẹni tó bá ní òun kò lè lọ, bóyá nítorí ìyá àgbà tó wà nílé tàbí nítorí ìlera òun fúnra rẹ̀, má sì pàdánù máàkì tàbí ọdún kan nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù nígbà tí àṣẹ bá dé. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti ìṣègùn, ẹ bi wọ́n pé kí ni ètò wọn bí ọmọ yín bá kó àrùn ní wọ́ọ̀dù, bí ẹ ti ń bi ọ̀gá télọ̀. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ fẹ́ wọ aṣọ funfun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìfẹ́ iṣẹ́ àti ìfẹ́ ẹ̀mí ara ẹni kì í gbé inú èèyàn kan náà. Isaac Starr kú ní ọdún 1989, lẹ́yìn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ọkàn èèyàn, tó sì gba ẹ̀bùn Lasker ní 1957 nítorí rẹ̀. Ká ní àrùn ọdún 1918 ti pa á ní wọ́ọ̀dù yẹn, gbogbo èyí ì bá bá a lọ.

Àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn yóò dé. Ìtàn kò tíì fi ìgbà kan hàn wá tí kò padà wá. Bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ, ìyẹn ni wọ́n fi kọ́ mi nílé, n kò sì kọ̀ ọ́. N ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá pè mí lọ́jọ́ kan pé aláìsàn pọ̀, ọwọ́ kò tó, n ó bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti dá mi lóhùn, n ó lọ.